Egbò páànù ti jiná láti oṣù mẹ́jọ, ọwọ́ ṣì ń jó bí iná. Ta ló mọ ìdí?

Aránṣọ_Kubwa (Ọjọ́ Ajé, òwúrọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ sì kú ọyẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, àmọ́ òru àná ló tì mí débí. Mi ò sùn.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe ní Kubwa. Ní oṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá, mo gun ọ̀kadà lọ sí Dei-Dei. Ọmọlanke kan tó kó páànù yọ sí wa lójijì, ọlọ́kadà fẹ́ yà fún un, kò rí i yà tán. Etí páànù là mí lẹ́yìn ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, lápá ibi àtàǹpàkò. Wọ́n rán an ní ojú méje ní ilé ìwòsàn kékeré kan, egbò sì jiná. Àpá rẹ̀ ò ju ilà ojú lọ.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹ̀yìn àtàǹpàkò mi títí dé ìka ìfábẹ̀lá ń jó bí ẹni pé mo tì í bọ epo gbígbóná. Tí aṣọ bá kàn án, èmi tí mò ń fi aṣọ jẹun, ara mi á ta gìrì. Kì í ṣe aṣọ tó le o, ṣífọ́ọ̀nù lásán. Bí ọyẹ́ bá fẹ́ sí i láàárọ̀, omi á bọ́ lójú mi. Ibì kan tún wà níbẹ̀ tó ti kú, mo lè fi abẹ́rẹ́ gún un kí n má mọ̀. Ibi tó kú yẹn gan-an ló ń dùn mí! Ẹ gbà mí, báwo ni ibi tí kò mọ nǹkan kan ṣe ń dùn?

Ní kẹ́mísìtì wọ́n ní ara mi ló ń wú nínú. Mo lo ibuprofen, mo lo diclofenac, èyí tí à ń gbé mì àti èyí tí wọ́n ń gún nídìí, wọ́n tún fi prednisolone lé e. Inú ni oògùn bá jà, kò bá ọwọ́ jà. Bàbá àwọn ọmọ mi ní egbò tó ti jiná kì í dùn mọ́, pé bóyá mo kàn fẹ́ sinmi ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ọwọ́ lọ.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́_ní_Kánò

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀. Àwọn Hausa kan wà ní Sabon Gari níbí tó ń fi ìwo fa irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde. Kí ẹ tó rí wọn, ẹ máa fi omi gbígbóná jó o, kí ẹ fi òrí pa á.

Nọ́ọ̀sì_Gwagwalada

Àbúrò, mo mọ̀ pé ire lẹ fẹ́, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán wọn lọ síbi tí wọ́n á ti fi abẹ kan ibi tí iṣan ti fara pa. Omi gbígbóná lórí ibi tó ti kú ńkọ́? Ẹni tí kò mọ gbígbóná mọ tútù, ara rẹ̀ á bó kó tó mọ̀. Ojú mi ti rí i ní wọ́ọ̀dù.

Ìyá wa, ẹ fi ìka kan gbá àpá yẹn jẹ́jẹ́. Kí lẹ gbọ́?

Aránṣọ_Kubwa

Yéè! Bí ìgbà tí iná NEPA gbé mi. Ó sáré gba ẹ̀yìn àtàǹpàkò lọ sí orí èékánná.

Nọ́ọ̀sì_Gwagwalada

Ó dáa, ẹ má gbá a mọ́. Dókítà Faransé kan, Jules Tinel, kọ nípa àmì yìí ní 1915, nígbà ogun àgbáyé kìíní, lára àwọn ọmọ ogun tí ọta ba iṣan wọn jẹ́. Ọgbẹ́ tiyín kì í ṣe ti awọ nìkan. Kì í sì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ sọ fún Bàbá nílé. Ẹ jẹ́ kí Apòògùn_Zaria wá, òun ló mọ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí.

Apòògùn_Zaria (Ọjọ́ Ajé, alẹ́)

Ẹ kú ìrora mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù ni. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kúkurú.

Èdè wa ló kọ́kọ́ ń ṣì wá lọ́nà níbí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni. Ẹran ara tí a fi ń gbé ẹrù, iṣan ni. Èyí tó ń gbé ìròyìn láti ọwọ́ lọ sí ọpọlọ, iṣan náà la tún pè é. Ẹni tó bá kàn ní "iṣan yín ló fara pa" kò tíì sọ nǹkan kan. Tiyín, èyí tó ń gbé ìròyìn ni. Ẹ fojú inú wò ó bíi wáyà iná tí rọ́bà bò.

Bí páànù ṣe gé wáyà yẹn, apá tó kọjá ojú ibi tó gé, èyí tó lọ sí àtàǹpàkò, kú. Augustus Waller ti rí irú ẹ̀ lára iṣan ahọ́n àkèré ní 1850. Ara kì í fi òkú wáyà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó máa ń rán agbálẹ̀ wá: àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní macrophage, pẹ̀lú àwọn sẹ́ẹ̀lì Schwann tó jẹ́ pé àwọn gan-an ni rọ́bà ara wáyà. Wọn kì í dákẹ́ ṣiṣẹ́. Kẹ́míkà ni wọ́n fi ń pe ara wọn: TNF, interleukin-1, interleukin-6. Ìgbà yẹn ni ojú egbò ń wú, tó ń pọ́n, tó ń gbóná, tó sì ń dùn. Celsus ará Róòmù ti ka àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ láti bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Mo máa pè é ní iná egbò, kí ẹnu wa lè kò.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kẹ́míkà tí àwọn agbálẹ̀ fi ń pe ara wọn ń ta sí wáyà tó kù láàyè, ó ń sọ ọ́ di onínúfùfù. Ohun tí kì í bí i nínú tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bí i nínú. Kẹ́míkà kan tún wà níbẹ̀, NGF, tó ń ran iṣan lọ́wọ́ láti dàgbà; Rita Levi-Montalcini ló rí i, òun àti Stanley Cohen sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Òun náà wà lára àwọn tó ń mú kí iṣan máa kanra.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Iṣan tó gé máa ń hù padà ní bíi mìlímítà 1 lóòjọ́, àwọn agbálẹ̀ á palẹ̀ mọ́, iná egbò á kú. Ṣùgbọ́n tí orí wáyà tó ń hù kò bá rí ọ̀nà tó máa gbà, ó lè ká jọ di kókó sábẹ́ àpá. Kókó yẹn ló sábà máa ń pariwo bí a bá gbá a. Ìdáhùn ìbéèrè yín nìyẹn lórí ibi tó kú tó tún ń dùn. Àtàǹpàkò ò fi ìròyìn kankan ránṣẹ́ mọ́, òun ló ṣe kú. Àmọ́ orí wáyà tó gé ń kígbe fúnra rẹ̀, ọpọlọ ò sì mọ̀ pé ọ̀nà ti já. Àdírẹ́sì àtijọ́ ló ṣì ń kà.

Èyí tó kù ṣẹlẹ̀ jìnnà sí ọwọ́, nínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń gbé ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní microglia. Máígáàdì ni wọ́n. Bí ariwo bá ti ọwọ́ dé, wọ́n á jí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè. Ní 2003, Tsuda àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáánù fi hàn lára eku pé tí wọ́n bá dí ilẹ̀kùn kan lára àwọn máígáàdì yìí, P2X4 ni wọ́n ń pè é, eku tí iṣan rẹ̀ ti bàjẹ́ kì í sá fún ìfọwọ́kàn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní 2005, Coull àti De Koninck ní Kánádà rí ohun tí máígáàdì ń ṣe gan-an: ó ń tú kẹ́míkà kan jáde, BDNF, tó ń ba bíréèkì jẹ́. Ọ̀pá ẹ̀yìn ní bíréèkì tó ń dá ìròyìn ìrora dúró. Bí bíréèkì bá ti já, ṣífọ́ọ̀nù á kàn yín lára, ọpọlọ á gbọ́ iná.

Olè ti lọ tipẹ́, máígáàdì ṣì ń fun fèrè.

Bàbá_Ìbejì_Kàdúná (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun)

Apòògùn, àlàyé yín dùn, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, onímọ́tò ni mí, ẹni tó bá ní ẹ́ńjìnnì gbóná gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí omi ò fi tù ú. Ẹ ní iná egbò ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ibuprofen àti diclofenac, iṣẹ́ tiwọn ni láti pa iná egbò. Obìnrin yìí gbé e mì, wọ́n tún gún un fún un, kò pa á. Ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì ò pé.

Apòògùn_Zaria

Bàbá, ẹ fọwọ́ lé ojú ibi tó yẹ. Ilẹ̀kùn kan ni ibuprofen ń tì. John Vane ló jẹ́ ká mọ̀ ní 1971 pé aspirin àti àwọn ìbátan rẹ̀ kì í jẹ́ kí ara ṣe prostaglandin, kẹ́míkà iná egbò kan tó ń mú ara wú tó sì ń mú un dùn, iṣẹ́ yẹn sì wà lára ohun tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 1982. Prostaglandin ló gba iwájú nínú kókósẹ̀ tó fọ́, nínú eyín tó ń dùn, nínú ojú egbò tuntun. Nínú iṣan tó gé, ẹlòmíì ló wà níwájú: TNF, àwọn interleukin, BDNF. Wọn ò gba ẹnu ọ̀nà tí ibuprofen tì kọjá. Nígbà tó bá sì di oṣù mẹ́jọ, ìjọba ti kúrò lọ́wọ́ egbò, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn.

Torí ẹ̀ ni àwọn àgbà onímọ̀ ìrora iṣan, nígbà tí wọ́n to oògùn kalẹ̀ ní 2015, ò fi ibuprofen síwájú. Amitriptyline àti àwọn ẹbí rẹ̀, duloxetine, gabapentin, pregabalin ni wọ́n fi ṣáájú. Mi ò ní tàn yín pé idán ni wọ́n. Nínú bí ènìyàn 4 tó lo irú amitriptyline, ẹyọ 1 ni oògùn náà á fúnra rẹ̀ dín ìrora rẹ̀ sí ìdajì. Ti pregabalin, nínú bí ènìyàn 8 ni. Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjà ló ń tà.

Bàbá_Ìbejì_Kàdúná

Ó yé mi báyìí. Omi wà nínú radiétọ̀, ibòmíì ló ti ń gbóná.

Akẹ́kọ̀ọ́_Jos

Ẹ káàsán ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí ní ibì kan tó yà mí lẹ́nu. Ní 2022, àwọn ará yunifásítì McGill ní Kánádà tẹ̀ lé ènìyàn 98 tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn fún oṣù mẹ́ta. Àwọn tí sẹ́ẹ̀lì iná egbò wọn jí gírí níbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀yìn wọn san. Àwọn tí tiwọn ò jí ni ìrora bá lọ. Wọ́n tún fún eku ní diclofenac: kò dùn ún lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ìrora náà pẹ́ lára rẹ̀ ju ti eku tí wọn ò fún. Gabapentin ò ṣe bẹ́ẹ̀ sí eku.

Ṣé kì í ṣe pé oògùn kẹ́mísìtì yẹn ló mú ọ̀rọ̀ ìyá pẹ́?

Aránṣọ_Kubwa

Áà. Ṣé èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á?

Nọ́ọ̀sì_Gwagwalada

Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ rọra. Ènìyàn tí kò sùn lẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Apòògùn_Zaria

Rárá, mà. Ẹ má gbé ẹrù yẹn lérí. Àkọ́kọ́, ti ẹ̀yìn dídùn ni wọ́n wò, kì í ṣe ti iṣan tí páànù gé. Èkejì, eku yàtọ̀ sí ènìyàn. Wọ́n wo àkọsílẹ̀ àwọn ará Bìrìtìkó bíi 500,000 náà, wọ́n rí i pé àwọn tó ń lo irú ibuprofen ni ẹ̀yìn dídùn sábà ń bá kalẹ̀, àmọ́ ó lè jẹ́ pé ẹni tí ìrora rẹ̀ pọ̀ jù ló ń wá oògùn jù. Ìyẹn ò tíì tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Síbẹ̀ mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, torí ó tún ìtàn mi ṣe. Lánàá mo sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀tá ni iná egbò. Agbálẹ̀ ni, ara nílò rẹ̀. Kí agbálẹ̀ má wá rárá, ìdọ̀tí á kù sílẹ̀. Kó wá kó má lọ mọ́, ìyọnu nìyẹn. Ohun tó kàn mí jù nípa oògùn yín ni pé oṣù mẹ́jọ ti diclofenac àti prednisolone láìsí dókítà lè lu inú, ó lè lu kídìnrín, ó sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Ti prednisolone, tó bá ti pẹ́, ẹ má dá a dúró lójijì, ẹ jẹ́ kí dókítà rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Jos

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Mo tún rí òmíràn tó kan ẹ̀yin obìnrin. Ní 2015, àwọn ará Kánádà kan náà (Sorge, Mogil, Salter) fi hàn pé tí wọ́n bá pa máígáàdì lẹ́nu mọ́ nínú akọ eku, ìrora dín. Nínú abo eku, kò dín. Ó jọ pé sẹ́ẹ̀lì mìíràn, àwọn T cell, ló ń fun fèrè fún tiwọn. Tẹ́lẹ̀, akọ eku ni ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí ń lò.

Nọ́ọ̀sì_Gwagwalada

Ẹ ò rí nǹkan! Lára akọ ni wọ́n ti ń dán an wò, obìnrin ni wọ́n á wá sọ fún pé ó ń ṣàṣejù.

Ẹ̀gbọ́n_Nyanya

Èmi ò mọ macrophage, mo mọ tramadol. Àbúrò mi fọ́ ẹsẹ̀ ní ọ̀nà Keffi. Egungun so pọ̀, iṣan ò gbà, ó ń ra tramadol lọ́wọ́ ọmọ kan tó ń fi bárò ta oògùn. Ẹyọ kan di méjì, méjì di káàdì. Nígbà tí ìjọba fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oní-codeine ní 2018, a rò pé ìyẹn ni ìṣòro ìlú, a ò mọ̀ pé ti ilé wa wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ìyá, ìrora á tì yín síbẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Ẹ má lọ.

Apòògùn_Zaria

Ọlọ́run á bá wa wo àbúrò sàn. Dókítà lè kọ tramadol tí àwọn ti ìṣáájú ò bá ṣiṣẹ́. Ti bárò, rárá.

Màmá_Àlíyà

Ẹ jọ̀ọ́, mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún mẹ́rin, gba abẹ́rẹ́ ibà nídìí lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn níbì kan. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ yẹn ń wọ́ nílẹ̀, kò lè gbé ọmọ ẹsẹ̀ sókè. Wọ́n ní kí n máa fi ọ̀dà ra á.

Nọ́ọ̀sì_Gwagwalada

Màmá Àlíyà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá LÓNÌÍ. Ó jọ pé abẹ́rẹ́ kan iṣan ńlá tó gba ìdí lọ sí ẹsẹ̀. Kì í ṣe ọ̀dà, kì í ṣe ìfọwọ́ra. Ẹ ní kí wọ́n pe onífisiò àti oníṣẹ́ abẹ iṣan. Mo ti kọ ìwé sí yín níkọ̀kọ̀.

Fisiò_Kánò (Ọjọ́rú)

Mo pẹ́ dé. Ẹ̀yin aránṣọ ló ní irinṣẹ́ tó dára jù fún nǹkan tí mo fẹ́ sọ, lẹ́yìn tí dókítà bá ti wò yín. Ẹ ṣa aṣọ kalẹ̀ láti èyí tó rọ̀ jù dé èyí tó ta jù. Ẹ fi èyí tó rọ̀ jù ra ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kì í ṣe orí àpá, ìṣẹ́jú méjì-mẹ́ta, nígbà mélòó kan lójúmọ́. Bó bá mọ́ ọn lára, ẹ sún mọ́ ọn, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé aṣọ kejì. Àwa ò ń wá ìfaradà o, tó bá ti mú yín sunkún, ẹ ti sáré jù.

Kí ló dé tó fi ń ṣiṣẹ́? Melzack àti Wall ti sọ ní 1965 pé ẹnu ọ̀nà kan wà ní ọ̀pá ẹ̀yìn, ìfọwọ́kàn lásán sì lè ti ìrora sẹ́yìn níbẹ̀. Bí ẹ ṣe ń fọwọ́ ra ibi tí ẹ bá fi gbá tábìlì náà ni. Ẹ má so ọwọ́ rọ̀. Ọwọ́ tí wọn ò lò, ọpọlọ á gbàgbé rẹ̀ síbi ìrora.

Aránṣọ_Kubwa (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n má bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo débẹ̀, aago méjì ni wọ́n pè mí, ẹni tó kọ́kọ́ rí mi tún fẹ́ kọ diclofenac. Mo ní kó jọ̀ọ́ gbá àpá yẹn. Bí mo ṣe fò, ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà fi òwú fọwọ́ kan ibẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ kàn án, ó ní ẹ̀ka iṣan kan tó gba abẹ́ awọ níbẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn àtàǹpàkò ló gé. Wọ́n máa ya àwòrán rẹ̀ bóyá kókó wà níbẹ̀. Tó bá wà, a ó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ.

Wọ́n fún mi ní amitriptyline, 10 mg lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹnu mi gbẹ bí ilẹ̀ ọyẹ́, mo ń jí bí ẹni tó mutí. Bàbá àwọn ọmọ ka ìwé inú páálí, wọ́n rí i pé oògùn ìbànújẹ́ ọkàn ni. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i? Orí ni." Mo fún wọn ní fóònù, wọ́n ka gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n bá mi pọn omi.

Apòògùn, ẹ ṣàlàyé oògùn yẹn fún wọn, wọ́n ní kí n bi yín.

Apòògùn_Zaria

Ẹ kí Bàbá fún mi. Òótọ́ ni pé ti ọkàn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ọpọlọ ní okùn kan tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ọ̀pá ẹ̀yìn láti di bíréèkì mú. Kẹ́míkà méjì, noradrenaline àti serotonin, ló fi ń di í mú. Amitriptyline ń jẹ́ kí àwọn méjèèjì pẹ́ níbẹ̀. Ìwọ̀n tí a ń lò fún ìrora sábà máa ń kéré púpọ̀ sí ti ìbànújẹ́. Bíréèkì ló wà fún, kì í ṣe orí. Tí àyà bá ń já yín tàbí ojú ń ṣú yín, ẹ padà lọ rí dókítà kíá.

Bàbá_Ìbejì_Kàdúná

Èmi náà kí i. Ó pọn omi, ó ti tó.

Fisiò_Kánò

Aṣọ ńkọ́, mà?

Aránṣọ_Kubwa

Sátìn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì mo bọ́ sí ṣífọ́ọ̀nù, ó ta mí, mo padà sí sátìn. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ṣífọ́ọ̀nù gbà. Orí àǹkárá tí a ti fọ̀ ni mo wà báyìí, èyí tí sítáàsì ti jáde lára rẹ̀. Àǹkárá tuntun ṣì ń ta mí. Léèsì, ẹ má tíì dárúkọ ẹ̀. Ìrora tí mo kà sí 8 nínú 10 lọ́jọ́ tí mo wá síbí, ó ń lọ láàárín 4 àti 5. Mo ń sùn di aago márùn-ún. Sísọ́ọ̀sì ṣì wúwo lọ́wọ́ mi, ọmọ iṣẹ́ ló ń bá mi gé aṣọ, èmi ni mò ń rán an.

Màmá Àlíyà, ẹ dákun, báwo ni ẹsẹ̀ ọmọ?

Màmá_Àlíyà

Wọ́n fi bàtà kan tó gbé ẹsẹ̀ dúró sí i lẹ́sẹ̀, a ń lọ ṣe fisiò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àná, ó gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sókè díẹ̀. Díẹ̀ ni o, àmọ́ mo rí i.